Bréékà ilé mi ń já ṣáá: ṣé kí n fi 32 rọ́pò 16 tó wà níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó di pé mo ṣe ohun tí mi ò ní lè tún ṣe.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà ní yàrá ìdáná wa. Bréékà kan ṣoṣo ló wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kọ C16 sí i lára. Bí mo bá tan sítóòfù iná, tí mo gbé omi sórí kẹ́tùlù, tí ọmọ bá tún ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta, kò ní pẹ́ tí bréékà yóò fi já. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ o. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà míì mẹ́wàá. Bí mo bá sì fẹ́ gbé e sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í dúró. Àfi kí n fi sílẹ̀ díẹ̀ kó tutù.

Mo wo ẹ̀yìn wọn. Sítóòfù jẹ́ 2000 wátì, kẹ́tùlù 2200, áyọ́ọ̀nù 1200. Iná ilé wa jẹ́ 230 fọ́ọ̀tì.

Ẹni tó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan kékeré ni. Ó ní bréékà náà ló kéré jù, kí n ra 32, pé òun á bá mi yí i kíá. Ọkọ mi ní ká ṣe bẹ́ẹ̀ ká lè sinmi. Àyà mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dára?

Oníwáyà

Àbẹ̀kẹ́, ohun tí àyà rẹ ń sọ ni kí o gbọ́. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan bréékà yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bréékà kì í ṣọ́ sítóòfù, kì í ṣọ́ kẹ́tùlù, kì í sì í ṣọ́ èèyàn. Wáyà tó wà nínú ògiri ló ń ṣọ́. Wáyà yẹn ò lẹ́nu. Bó bá ń gbóná jù níbi tí wọ́n gbé e gbà, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ike tó bò ó lára, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ooru 70 dígírì ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ń kọjá 70 lójoojúmọ́, kò ní jó lọ́jọ́ náà. Á kọ́kọ́ le, á gbẹ, á wá máa sán bí ewé gbígbẹ, títí tí láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti nútírà (èyí tó ń gbé e padà) á fi fara kanra lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí bréékà fi wà níwájú rẹ̀: kó já kí wáyà tó gbóná débi tí yóò bàjẹ́.

Ìlànà tí àwa oníṣẹ́ iná ń tẹ̀ lé kò gùn. Iná tí ohun èlò rẹ ń fà kò gbọ́dọ̀ ju nọ́ḿbà ara bréékà lọ, nọ́ḿbà ara bréékà kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Wáyà la kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó ní kí o ra 32, ṣé ó béèrè irú wáyà tó wà nínú ògiri? Bí kò bá béèrè, mi ò mọ ohun tó fi dé 32.

Sọ fún wa: ṣé 1.5 ni wáyà yẹn àbí 2.5, ìyẹn bí ojú bàbà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà onígun mẹ́rin? Má ṣí nǹkan kan fúnra rẹ o. Pe ẹlòmíì kó wá wò ó.

Tíṣà Físíìsì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò náà fi hàn pé bréékà Àbẹ̀kẹ́ ò ṣe àṣìṣe kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Wátì, kí a fi fọ́ọ̀tì pín in, á di áńpíà. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 5400 wátì. 5400 pín sí 230 jẹ́ 23.5 áńpíà. Bréékà 16 áńpíà ló sì wà níbẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí kì í já lójú ẹsẹ̀. Bréékà kì í já ní gẹ́lẹ́ nọ́ḿbà tó wà lára rẹ̀. Ìlànà àgbáyé fún bréékà ilé, IEC 60898, sọ pé bí iná tó ń kọjá bá jẹ́ 1.13 ìlọ́po nọ́ḿbà náà, kò gbọ́dọ̀ já láàárín wákàtí kan. Bó bá wá dé 1.45 ìlọ́po, ó gbọ́dọ̀ já kí wákàtí kan tó pé. Fún bréékà 16, èkíní jẹ́ bíi 18 áńpíà, èkejì jẹ́ 23.2. Ẹ wo 23.5 ti Àbẹ̀kẹ́, ó ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sítóòfù àti kẹ́tùlù nìkan, 18.3 ni. Omi á hó, kẹ́tùlù á pa ara rẹ̀, bréékà ò sì ní já. Áyọ́ọ̀nù tó dara pọ̀ mọ́ wọn ló ń tì í ṣubú.

Nínú bréékà, irin pẹlẹbẹ kan wà tó jẹ́ irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí iná bá ń kọjá nínú rẹ̀, ó ń gbóná, ọ̀kan nínú méjèèjì á fẹ̀ ju èkejì lọ, irin náà á wá tẹ̀ bí ọrun. Bó bá tẹ̀ tó, á tú ohun tó di ẹnu bréékà mú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dúró bí ẹ bá gbé e padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: irin náà ṣì tẹ̀, kò tíì tutù. Fún ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn bí láìfù bá fara kan nútírà, ohun mìíràn ló wà níbẹ̀, wáyà tí wọ́n ká bí orùka tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì, tó sì ń fa ẹnu bréékà ya kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Tí ẹ bá wá fi 32 síbẹ̀, iye tí ó ti gbọ́dọ̀ já láàárín wákàtí kan á di 46.4 áńpíà. 23.5 yín á máa kọjá láti òwúrọ̀ di alẹ́, bréékà ò ní mí. Ká ní wáyà 1.5 tó wà nínú páìpù inú ògiri ni, tí agbára rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ bíi 14.5 áńpíà. Ooru inú wáyà kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà tí iná fi ń pọ̀ sí i. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. 23.5 lórí wáyà tó yẹ kó gbé 14.5 yóò mú ooru wá tó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ. Inú ògiri nìyẹn ń ṣẹlẹ̀ o.

Àkànbí

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n èmi ti lo 32 lórí wáyà 1.5 fún ọdún mẹ́fà, nǹkan kan ò ṣe wá. Àwọn oníṣẹ́ iná kan máa ń fi ẹ̀rù ta ọjà. Tí bréékà bá ń já lójoojúmọ́, kí ló kù tí èèyàn máa ṣe?

Oníwáyà

Àbúrò mi Àkànbí, mi ò ta ọjà kankan níbí. Mo ti ya wáyà jáde nínú ògiri ilé tí wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe. Mo fi ọwọ́ méjì tẹ̀ ẹ́, ike rẹ̀ fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà, bàbà inú rẹ̀ ti dúdú. Ilé náà ò tíì jó. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ò sì mọ̀. Ọdún mẹ́fà tí o kà yẹn, ó lè jẹ́ pé o kì í tan ohun tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé tí gbogbo nǹkan wà lórí, ta ni yóò dá a dúró? Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bó bá ṣeé ṣe, jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kan fi mítà ẹlẹ́nu ẹ̀mú gbá láìfù yẹn mú nígbà tí gbogbo ohun èlò bá wà lórí. Nọ́ḿbà tó bá rí níbẹ̀ á sọ ọ̀rọ̀ tó kù.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí mi ò gbàgbé òórùn náà dòní.

Kí wọ́n tó fi bréékà sí ilé wa, fíúsì ni a ń lò, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín láàárín tanganran funfun méjì. Ó já ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí wáyà fíúsì nílé. Ẹnìkan nínú ilé bó wáyà fáànù tó ti bàjẹ́, ó mú òwú bàbà inú rẹ̀ bíi mẹ́rin, ó lọ́ wọn pọ̀, ó sì dì í mọ́ ibẹ̀. Iná dé. Gbogbo wa yọ̀. A ò tún gbọ́ pé fíúsì já fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, a sì ń sọ pé ó mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ kan, mo wọ yàrá, mo ń gbọ́ òórùn bíi ti ẹja tó ń jó. Mi ò rí iná, mi ò rí èéfín. Mo fi ọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì, ògiri gbóná. Mo sáré pa méènì. Nígbà tí wọ́n tú ibẹ̀, ike wáyà méjèèjì ti yọ́ pọ̀ di ọ̀kan, ó gùn tó apá mi. Fíúsì tí a lọ́ yẹn ṣì wà pẹrẹsẹ, kò tilẹ̀ gbóná.

Òórùn ẹja yẹn, ẹ má fojú fò ó. Ike inú súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná jù ló sábà máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ pa méènì kí ẹ tó máa wá ibi tó ti ń wá.

Tíṣà Físíìsì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. A dúpẹ́ pé ojú rere la fi ń sọ ọ́.

Ohun tí ẹ sọ yẹn wà lára ohun tí bréékà wá yanjú. Thomas Edison gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fíúsì rẹ̀ ní 1890, ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ibi kan sílẹ̀ tí kò lágbára, kí ibẹ̀ yọ́ kí ibòmíràn má yọ́. Ẹni tó bá wá fún ibi aláìlágbára yẹn lókun, ó ti gbé àìlágbára náà lọ sínú ògiri. Ní 1924, Hugo Stotz ní Jámánì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bréékà kékeré tí wọ́n lè fi sí ibi fíúsì, tó jẹ́ pé títẹ̀ ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ padà. Kò sí wáyà tí ẹnikẹ́ni máa lọ́.

Fún ẹni tó ṣì ń lo fíúsì onígíláàsì tàbí oní-tanganran, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ìṣó, bébà tí wọ́n fi wé sìgá, wáyà lílọ́, gbogbo ìyẹn kì í ṣe fíúsì. Èyí tó funfun tó kún fún iyanrìn nínú, ẹ má fi onígíláàsì rọ́pò rẹ̀. Iyanrìn yẹn ló ń pa iná tó ń tàn láàárín ẹnu méjì nígbà tí fíúsì bá já, bí ṣọ́ọ̀tì bá le.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ fún ẹni yẹn pé kó má wá mọ́. Oníṣẹ́ iná mìíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì mú mi lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń ki sítóòfù bọ̀. Ihò rẹ̀ kan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí mo fa pọ́lọ́ọ̀gì yọ lẹ́yìn tí mo dáná tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbóná tí mi ò lè fọwọ́ mú, ẹsẹ̀ kejì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ bréékà náà nìyẹn?

Oníwáyà

Rárá. Ìyẹn yàtọ̀, ó sì burú ju èyí tí o kọ́kọ́ bi wá lọ. Má ki ohunkóhun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ títí di Sátidé.

Síkúrù tó di wáyà mú lẹ́yìn rẹ̀ ti dẹ̀, tàbí irin inú ihò náà ti fẹ̀, kò di ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mú mọ́. Ojú ibi tí irin ti fara kan irin ti kéré, iná ń fi tipátipá gba ibẹ̀. Bréékà ò lè rí i láé. Iná tó ń kọjá ò pọ̀ sí i. Bíi 9 áńpíà tí sítóòfù ń fà náà ni. Ewu tí bréékà mọ̀ ni pé iná pọ̀ jù. Kò mọ ewu pé ibì kan dẹ̀.

Tíṣà, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀.

Tíṣà Físíìsì

Ká ní ibi tó dẹ̀ yẹn ní ìdènà ìlàjì óòmù péré, tí 10 áńpíà ń gbà á kọjá. 10 nígbà 10 nígbà ìlàjì, 50 wátì ni. 50 wátì lójú ibi tí kò tóbi ju orí síkúrù lọ! Irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ rédíò kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wà nínú ògiri Àbẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike.

Oníwáyà

Ẹ rí i. Bí mo bá ní kí n ka ilé tí mo ti bá ohun tó jó, tí mo sì wá ìdí rẹ̀ kàn, èyí tó dẹ̀ ju èyí tí ẹrù pọ̀ jù fún lọ.

Bí a ṣe ń dì í: bó o bá bó wáyà, má jẹ́ kí ọ̀bẹ gé bàbà rẹ̀ lójú. Ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gé yẹn ló máa kọ́kọ́ dá. Kí ihò síkúrù gbé bàbà gbogbo, kí òwú kankan má yọ síta. Kí ike má sì wọ abẹ́ síkúrù. Bí o bá ti dì í tán, fa wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ. Èyí tó bá yọ lọ́wọ́ rẹ ì bá yọ lọ́jọ́ kan. Wáyà tí a so pọ̀ tí a fi téèpù wé tí a sì tì bọ inú ògiri, mi ò gbà á láyè nínú iṣẹ́ mi. Inú àpótí tí èèyàn lè ṣí ni ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Bàbá Àgbà

Ẹ kú àpérò. Ìbéèrè tèmi sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wá sókè nílé mi, 750 wátì ni wọ́n kọ sí i. B10 ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà míì tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bréékà á já bí ẹni ta á nígbàjú, lójú ẹsẹ̀. Nígbà míì kò ní já. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, á ṣiṣẹ́ títí. Wọ́n ní kí n fi 20 sí i.

Oníwáyà

Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má fi 20 sí i. Nọ́ḿbà kọ́ ló fa tiyín, lẹ́tà ni.

Ẹ̀rọ tó ń yí, nígbà tó bá fẹ́ gbéra láti ìdúró, máa ń fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń fà nígbà tó bá ń sáré. Tiyín ń fà bíi 5 sí 6 áńpíà bó bá ń sáré. Nígbà tó bá ń gbéra ó lè kọjá 35 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́tà B túmọ̀ sí pé bréékà á já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá dé ibì kan láàárín ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ḿbà rẹ̀, ìyẹn 30 sí 50 fún tiyín. Ẹ rí i pé 35 wà láàárín ibẹ̀, ìdí tó fi ń já nígbà kan tí kì í já nígbà mìíràn nìyẹn. Lẹ́tà C jẹ́ ìlọ́po 5 sí 10, D jẹ́ 10 sí 20. Kí wọ́n fi C10 síbẹ̀ fún yín. 10 ló ṣì ń ṣọ́ wáyà, ó kàn ń ṣe sùúrù díẹ̀ fún ẹ̀rọ nígbà tó bá ń dìde ni.

Kí wọ́n yẹ áàtì yín, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, wò kí wọ́n tó ṣe é o. C ń fẹ́ kí ṣọ́ọ̀tì le dáadáa kó tó já kíá. Bí áàtì ò bá dára, kò ní rí iná tó pọ̀ tó.

Ẹ fi èyí sọ́kàn fún gbogbo bréékà tó bá ń já. Èyí tó já lójú ẹsẹ̀ tí ẹ gbé e sókè, ṣọ́ọ̀tì ni kí ẹ fura sí, ẹ má sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ń pẹ́ kó tó já, ẹrù ló pọ̀ jù. Èyí tó ń já bí òjò bá rọ̀, iná ń jò sí ibì kan, bó bá jẹ́ pé RCD, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná tó ń jò, ló ń já.

Màmá Àrẹ̀mú

Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí RCD yẹn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi máa ń ta mí lọ́wọ́ bí mo bá fọwọ́ kan ara rẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi sì tutù. Mo rò pé bó bá léwu, bréékà ì bá ti já.

Ìdòwú

Màmá, ẹ má lò ó mọ́, ẹ yọ ọ́ lára iná nísinsìnyí. Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bréékà 16 ń dúró de ìgbà tí iná bá ju 16 lọ, ìyẹn 16,000 mílíáńpíà. Èyí tó lè da ọkàn èèyàn rú kò tó ìdá kan nínú ìgba ìyẹn. Kò sí bí bréékà ṣe lè mọ̀ pé èèyàn ló dì í mú. RCD tí wọ́n ń fi sí ilé, 30 mílíáńpíà ló ń já sí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń wọn iná tó jáde gba láìfù àti èyí tó padà gba nútírà. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, ó túmọ̀ sí pé díẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara èèyàn, á sì já kíá. Bí èèyàn bá wá fi ọwọ́ kan mú láìfù, tó fi ọwọ́ kejì mú nútírà, kò lè mọ̀, torí ohun tó jáde náà ló padà. RCD kan lásán ò sì lè dípò bréékà. Kò mọ ẹrù tó pọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ wà, RCBO ni wọ́n ń pè é.

Nílé wa, irin tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ ló ti là, iná ń jò sí omi. Áàtì ni ì bá gbé e lọ. Ẹni tó fún wa ní pọ́lọ́ọ̀gì tuntun ti gé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò náà dànù, ó ní kò wúlò, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ara ẹ̀rọ ló wá di láìfù. Ìyá mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Orí ló yọ ọ́.

Oníwáyà

Ìdòwú, o káre láé. Ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì gbogbo ohun èlò onírin tó wà nílé yín. Bí ẹsẹ̀ áàtì bá ti ṣẹ́ tàbí tí wọ́n gé e kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi fíúsì tàbí súwíìṣì sórí nútírà. Láìfù ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé. Bí nútírà ni wọ́n bá gé, gílóòbù á kú, ẹ̀yin á rò pé iná ti lọ, ẹnu ibi tí gílóòbù ń wọ̀ ṣì gbé láìfù dúró de ìka yín. Ní àwọ̀ tuntun, búráwùn ni láìfù, búlúù ni nútírà. Nínú ilé àtijọ́ ó lè jẹ́ pupa àti dúdú. Ẹ má gba àwọ̀ gbọ́ láìfi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà náà kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, ẹ wá fi kan ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ tún padà fi kan ti àkọ́kọ́, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe mítà ló kú.

Agbóòrùn

Ẹ̀yin tó ń lo ínfátà àti bátìrì, ẹ má gbàgbé ara yín. Nígbà tí fọ́ọ̀tì bá kéré, áńpíà á pọ̀. 1000 wátì lórí 230 fọ́ọ̀tì jẹ́ áńpíà 4 àti díẹ̀. 1000 wátì yẹn kan náà lórí bátìrì 12 fọ́ọ̀tì jẹ́ 83, ínfátà fúnra rẹ̀ á tún jẹ díẹ̀, á kọjá 90. Wáyà tó nípọn bí ìka ni ń lọ síbẹ̀. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kó sì sún mọ́ orí bátìrì bó bá ti lè sún mọ́ ọn tó, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo ti rí sípánà tó já lu orí bátìrì méjèèjì. Ó pọ́n bí ẹyin iná kí a tó sọ pé kí la rí yìí.

Ẹ má sì mú bréékà tí wọ́n ṣe fún iná ilé nìkan síbẹ̀. Iná ilé tó jẹ́ 50 hẹ́ẹ̀tì máa ń dé òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni iná tó tàn láàárín ẹnu bréékà ti ń kú. Iná bátìrì kì í dé òdo. Bí ẹnu bréékà bá là, ó lè máa tàn lọ láàárín ẹnu náà títí tí bréékà á fi jó. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DC, ìyẹn irú iná bátìrì, àti fọ́ọ̀tì tó tó sí lára.

Àkànbí

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, mo pe ẹnìkan wá pẹ̀lú mítà ẹlẹ́nu ẹ̀mú tí ẹ sọ. A tan gbogbo nǹkan. Ó kà 27. Lórí wáyà 1.5. Mo ti dá 32 yẹn padà sí 16 lónìí, wọ́n á sì fa wáyà tuntun. Ẹ ṣeun, sà.

Ó ní kí n sọ fún yín nípa wáyà tí wọ́n ń tà. Èyí tí mo rà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 2.5 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ó fi irin ìwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn bóòtù wọn bàbà inú rẹ̀. Ó ní wáyà 2.5 oníyọ̀kan yẹ kó nípọn tó nǹkan bíi 1.78 mílímítà, 1.5 yẹ kó tó 1.38. Tèmi jẹ́ 1.4. Ó tún fi ọ̀bẹ ha á, inú rẹ̀ funfun. Alumíníọ́mù ni, bàbà ni wọ́n fi kùn ún lára.

Oníwáyà

Àkànbí, o ṣe ohun tó dára. Bí ìwọ̀n bá fi díẹ̀ ré sẹ́yìn 1.78, kò burú. Bó bá di 1.4, 1.5 ni wọ́n tà fún ọ. Èyí tó tún funfun nínú, má fi sínú ògiri.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú ojú lọ́nà. Oníṣẹ́ iná wá ní Sátidé, ó lo wákàtí mẹ́fà.

Wáyà 1.5 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, inú páìpù ni wọ́n gbé e gbà. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì sítóòfù níṣojú mi. Síkúrù láìfù ń yí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ lo síkúrùdíráfà. Ike wáyà ti jó dúdú tó ìka kan láti ẹnu rẹ̀.

Ó fa wáyà 2.5 tuntun lọ́nà méjì, bréékà 16 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sítóòfù nìkan ló wà lórí ọ̀kan. Kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù wà lórí èkejì. Mo ṣe ìṣirò Tíṣà, 3400 wátì, 14.8 áńpíà, kò tó 16. Wáyà àtijọ́ ti di ti gílóòbù, bréékà 10 ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi RCD sí i. Mo tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ T sí lára, ó já lójú mi. Ọkọ mi ló mú kálámù tó kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára àpótí.

Lálẹ́ àná a tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo fọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tutù.

Oníwáyà

Ó ku ohun kan, Àbẹ̀kẹ́. Bàbà tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ síkúrù. Bó bá tó bí oṣù kan, jẹ́ kó padà wá pa méènì, kó fi mítà rí i pé iná ti lọ, kó sì dán gbogbo síkúrù inú àpótí àti ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Kó máà fi agbára fọ́ wọn o, kó kàn rí i pé wọn ò dẹ̀.